Wáyà Tí Mo Ta Mọ́ Igi Máńgòrò ní Ugbor

Nígbà tí ìwé àṣẹ tí mo fi lè máa bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀ lórí rédíò jáde, ọkọ mi fi han gbogbo èèyàn ní báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n rédíò tí kò ní áńtẹ́nà, odi lásán ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn gbà mí nímọ̀ràn lórí fóònù pé kí n ra áńtẹ́nà onírin, èyí tó ní apá bí egungun ẹja, tí wọ́n ń gbé sórí òpó gíga.

Mo lọ bá baba onílé wa. Ọmọ Ẹ̀dó ni, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Baba wo òrùlé, ó wò mí.

“My daughter, iron for my roof? If thunder come, who I go hold?”

Baba kò pariwo, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì yan wáyà. Wáyà kò wúwo, kò nílò òpó, mo sì lè yọ ọ́ kúrò lára rédíò bí òjò bá ti ṣú. Mo padà lọ ṣàlàyé fún baba. Ó ní, “Wire? I gree.”

Siluko Road ni mo ti ra wáyà bàbà. Ẹni tó ń tà á bi mí pé, “Madam, na house you wan wire?”

Mo ní, “No o. Na my voice I wan send go far.”

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi díẹ̀ ṣe ènì fún mi.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọn mítà márùn-ún sí apá ọ̀tún, márùn-ún sí apá òsì. Mo fi díẹ̀ lé e, torí wáyà tó gùn jù ṣeé gé, èyí tó kúrú kò ṣeé fà gùn. Mo so orí kan mọ́ igi máńgòrò, mo so ìkejì mọ́ irin tó gbé táǹkì omi dúró, mo sì fa okùn kan láti àárín wáyà náà wọ inú ilé dé ibi tí rédíò wà. Èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà. Ọkọ mi di ìdí rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n rọra.

Mo tan rédíò. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára fi hàn pé ohun tí mò ń rán jáde, inú ẹ̀rọ ló ń padà sí. Wáyà náà ti rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù.

Ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi, ṣé ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní, “Dádì, èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

Mo gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n gé bí ìwọ̀n ìka kan kúrò lápá méjèèjì, ká tún fà á sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, abẹ́rẹ́ náà sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́; kò sí ohun tó ń padà sínú ẹ̀rọ mọ́.

Mo pè. Mo tún pè. Ọkùnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ó ní Bùràsílì lòun wà, pé ohùn mi já gaara. Ó bi mí irú áńtẹ́nà tí mò ń lò. Mo ní wáyà ni, ọwọ́ mi ni mo sì fi gé e.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó ní òun ti rò pé onírin ńlá ni.

Àṣé baba onílé ti dúró lójú fèrèsé láti ìgbà yẹn. Ó jáde sí géètì, ó ń pariwo fún aládùúgbò pé, “My tenant dey talk to Brazil! Na my mango tree carry am!” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, olùkọ́ kan ní Upper Sakponba, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ, ránṣẹ́ pé kí ẹni tó ta wáyà ní Ugbor wá bá òun ta tòun. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ní ẹnjiníà náà ńkọ́.

Mo ní, “Òun ló dúró níwájú yín yìí, sà.”

Kó tó di pé a jẹun ọ̀sán, mo ti ta wáyà tirẹ̀, ó sì ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Sípéènì. Orí mi wú.