Àwọ̀ Ewé Tó Wà Nínú Dígí

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Onídígí ti ń gé gíláàsì. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn kú, àwọn ẹbí ní kó ta ṣọ́ọ̀bù. Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àpá wà ní ìka rẹ̀ mẹ́jọ. Ó máa ń ní méjì tó kù ṣì ń bọ̀ wá gba tiwọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò, gbé fóònù síwájú rẹ̀. Orin olórin kan tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Olórin náà, ọmọbìnrin kan, nìkan ló dúró nínú yàrá tó ń kọrin, àmọ́ àwọn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́ tò lọ sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan kọjú, ọ̀kan kẹ̀yìn, títí ojú kò fi rí wọn mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò gé fídíò náà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Olùkọ́ àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Onídígí wò ó tán, ó ní kó tún un ṣí. Nígbà kẹta, ó dá a dúró, ó ní kí ọmọ wo aṣọ ọrùn olórin náà. Lára ẹni iwájú, ó funfun báláú. Lára ẹni karùn-ún, ó ti ń ṣe àwọ̀ ewé tútù. Lára ẹni kẹwàá, ó dà bí ìsàlẹ̀ kànga.

"Gbogbo gíláàsì ló ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára," ni ó wí. "Wo etí rẹ̀, wàá rí i. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dígí méjì ni wọ́n gbé kọjú síra."

Ọmọ náà tún tẹjú mọ́ fóònù. "Màmá, kámẹ́rà wá ńkọ́? Ṣé a ò ní rí i nínú dígí ni?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ìyá náà jẹun ọ̀sán. Ó wo fídíò náà títí ojú fi ń ta á, kó tó rí àmì dúdú kan tí kò ju orí ìṣó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí olórin náà, tó ń yọ léraléra bí àwòrán ṣe ń jìnnà sí i. Ó ní ihò kámẹ́rà nìyẹn, ẹ̀yìn dígí ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ló bá gbé dígí méjì tó ga ju èèyàn lọ kọjú síra. Ó fi abẹ họ ọ̀dà fàdákà ẹ̀yìn ọ̀kan, ó dá ihò kékeré tó gba ojú kámẹ́rà fóònù. Ó lẹ fóònù mọ́ ibẹ̀, ó ní kí ọmọ lọ dúró láàárín.

Ó yọjú wo fóònù. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti di ogunlọ́gọ̀. Wọ́n tò lọ, wọ́n ń ṣe àwọ̀ ewé, wọ́n ń wọ ibi tó yẹ kí ògiri wà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kun ògiri yẹn lọ́dà. Síbẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn dígí kejì, ó fọwọ́ kan ògiri náà wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n fi fídíò tiwọn ránṣẹ́ sí olórin náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wá fúnra rẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé sí òun ń béèrè irú kọ̀ǹpútà tí òun lò; àwọ̀ ewé yẹn gan-an, àbùkù ni òun pè é, òun ò kàn mọ bí òun ṣe lè pa á rẹ́ ni.

"O ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́," ni Ìyá Onídígí wí. "Òun ló ń sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó."

Olórin náà jókòó sórí àpótí, ó fa ìwé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí dígí ṣe lè tóbi tó.