Mọ́tò Rabetsara Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tì

Orí òkè ni àdúgbò wa ní Ambanidia wà, kò sì sí ẹni tí kò tíì ti mọ́tò Rabetsara rí níbẹ̀. Katirẹẹli ni, irú mọ́tò Faransé kékeré àtijọ́ kan. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá Rabetsara fi wà á ṣe takisí kó tó kú, mọ́tò yìí nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún ọmọ. Láràárọ̀, Rabetsara á kàn juwọ́ sí wa ni, a ó sọ iṣẹ́ kalẹ̀, a ó tì í títí yóò fi dáhùn. Èmi Solo, tí mò ń rán bàtà lójúde rẹ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde.

Lọ́dún tó kọjá, ìdílé rẹ̀ fẹ́ ṣí ibojì bàbá náà, kí wọ́n fi aṣọ tuntun wé egungun rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jó, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Abúlé wọn jìn, olè sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ló bá ní bọ́ọ̀sì lòun máa wọ̀. Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó yọ rótọ̀, ike kékeré tí iná ò lè dé púlọ́ọ̀gì láìsí i, ó fi í sápò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa jí èyí? Olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?"

"Máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣáà bá mi mójú tó o."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkùnrin méjì dé nínú aṣọ mẹkáníìkì. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n ní Rabetsara ló ní káwọn wá tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọ̀kan fa fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nawọ́ wọlé ṣílẹ̀kùn, ó jókòó. Mọ́tò ò dáhùn.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá wa tì í."

Ká ní ó dáhùn ni, ìbá fu wá lára. Mo ju bàtà sílẹ̀. Àwa méje la tì í, à ń rẹ́rìn-ín, ó sì yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo padà mú abẹ́rẹ́ ni mo tó rántí rótọ̀. Ẹni tí Rabetsara bá rán, ṣé kò ní fi rótọ̀ rán an ni? Mo sáré dé ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní lọ́rì kan ti gbé mọ́tò náà lọ. Mo lọ fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá kọ orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Mo pe Rabetsara. Mò ń gbọ́ fèrè àti orin lẹ́yìn rẹ̀.

"Solo, sọ̀rọ̀ kíá. Bàbá mi wà léjìká mi báyìí."

Mo sọ fún un.

"Ta ló tì í?"

"Àwa ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà wà níbẹ̀."

"Kò sí bọ́ọ̀sì títí di ọ̀la. N ò sì lè sọ bàbá mi kalẹ̀."

Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ ló fi gun òkè. Ó jókòó sórí àpótí mi, kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Mo bèèrè ibi tí rótọ̀ wà.

"Mo dì í mọ́ bàbá nínú aṣọ," ló wí. "Òun ló kù nínú mọ́tò rẹ̀."