Ìrọ̀lẹ́ Tí Mummy Mi Kàwé Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Èmi ni mo di ọ̀pá áńtẹ́nà mú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí nǹkan kan. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni nílé wa bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣe ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀, torí inú ṣì máa ń bí mi bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ìkòsì là ń gbé nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 2004, nínú yàrá kan àti pálọ̀ ní ẹ̀yìn ilé kan tí ayálégbé mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ti ṣe ìdánwò yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, mi ò yege, mo sì ń dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó bá wà nírú ipò yẹn, òun ni gbogbo ilé máa ń rán níṣẹ́. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì ń lọ síléèwé, Daddy mi ń lọ síbi iṣẹ́ bíríkìlà, Mummy mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Èmi nìkan ni wọ́n gbà pé mi ò rí nǹkan ṣe.

Mummy mi ò kàwé ní kékeré. Abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti dàgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin lọ síléèwé, Mummy ń bá ìyá wọn lọ sóko. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, wọ́n gbọ́ pé tíṣà kan ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò jìnnà sílé wa, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mummy ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè palẹ̀ ọjà wọn mọ́ ni. Ọjọ́ tí mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo rí ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, tí wọ́n ti kọ orúkọ ara wọn kún ojú ewé mẹ́fà, àwọn lẹ́tà ńláńlá tó ń wọ́ lọ sápá ọ̀tún bíi pé ẹnì kan ń fà wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má tíì sọ fún Daddy títí àwọn á fi mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Àárín àwọn alábàárù tó ń gbé ẹrù ní ọjà ni wọ́n máa ń jókòó sí ní kíláàsì náà, lórí bẹ́ńṣì ọmọdé, tí orúnkún gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń lọ, kí àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n kan tó gbé kámẹ́rà wá síbẹ̀. Ètò kan ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí ẹ̀kọ́ àgbà. Tíṣà ní kí Mummy dìde kí wọ́n ka ohun tó wà lójú pátákó, Mummy sì kà á délẹ̀. Obìnrin tó mú máíkì dání wá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń kàwé lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù náà sọ fún mi lọ́jà pé èsì tí Mummy fún un mú kí gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo bi òun náà pé kí ni Mummy sọ, ó ní kí n lọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan náà ni Mummy sọ nígbà tí mo bi wọ́n.

"Wàá gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá jáde," wọ́n ní.

Bó ṣe di pé Mummy ní láti sọ fún Daddy nìyẹn. Mo rò pé wọ́n máa bínú pé a fi nǹkan pamọ́ fún àwọn, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Ọjọ́bọ̀, láago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ìyàwó àwọn á kàwé lójú gbogbo ayé.

Orí ọ̀pá irin gígùn kan ni áńtẹ́nà wa wà, a rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀. Òjò Sátidé tó ṣáájú ti jẹ ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dì í mú, ibi tó bá wù ú ló ń yí sí, àwòrán á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi gààrí tí wọ́n dà sílẹ̀. Láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ti ń sọ fún Daddy pé kí wọ́n po kọnkéré díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Bíríkìlà ni wọ́n. Wọ́n ti da kọnkéré sídìí géètì àwọn olówó ní Gbàgádà, wọ́n ti mọ ògiri ilé tí mi ò lè ka iye àjà rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀la làwọn á ṣe é. Ọ̀la yẹn di Ọjọ́bọ̀.

Iná dé nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ilé sì pariwo ayọ̀. Kí n tó kó abọ́ nílẹ̀, pálọ̀ wa ti kún. Télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀. Bùbá àti ìró aláwọ̀ ewé tí Mummy wọ̀ lọ́jọ́ tí kámẹ́rà wá náà ni wọ́n tún wọ̀. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń mì. Daddy wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wò mí.

"Lọ bá wa di ọ̀pá yẹn mú."

Mo ní kí àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi lọ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ò tíì le tó, pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá náà mú. Mo ní ṣé èmi ò ní wo Mummy ni.

"Tó bá ti kan Mummy rẹ, màá pè ọ́ wọlé. Èmi fúnra mi ni màá jáde wá dì í mú," Daddy ní.

Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, mo jáde.

Fèrèsé náà ga jù mí lọ. Ohun tí mò ń rí kò ju òkè àjà pálọ̀ lọ, àti ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ń yí padà lára rẹ̀. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn mi ń rùn. Ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì wà lára irin, mi ò lè pa wọ́n. Etí nìkan ni mo fi wo tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kàtúùnù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Mo gbọ́ ìró nǹkan tó ń já lulẹ̀ àti ẹ̀rín àwọn àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja, ìyàwó télọ̀ sì ń bá a jiyàn pé ata rẹ̀ ti kéré jù. Ìròyìn Yorùbá tẹ̀ lé e, ìkéde òkú tẹ̀ lé ìròyìn. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ ẹni tó kú lọ ràì, ìyá àgbà ń sọ "kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere" lẹ́yìn òkú kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó mọ gbogbo wọn.

Ibi tó mọ kọ́ nìyẹn. Télọ̀ rántí pé ìjàkadì àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́ ní ìkànnì kejì, àwọn ọkùnrin sì ní kí a yà síbẹ̀ díẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Ìkànnì kejì ń fẹ́ kí áńtẹ́nà kọjú sí apá ibòmíràn. "Yí i wá! Yí i díẹ̀ sí i! Ó ti pọ̀ jù!" Mo yí i. Wọ́n wo ìjàkadì, wọ́n ń lu àga. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ní kí n tún yí i padà.

Aago méje ààbọ̀ lù, kò sí ètò ẹ̀kọ́ àgbà. Ìjọba ń ṣí ọ̀nà tuntun kan níbì kan, wọ́n ń gbé e jáde tààrà. Olóṣèlú kan sọ̀rọ̀, òmíràn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta tún dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo gbọ́ tí Mummy ń bi Daddy bóyá ètò náà ò ní wáyé mọ́. Lẹ́yìn àwọn olóṣèlú ni wọ́n fi eré aláwàdà kan sí i. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Daddy pẹ̀lú, ẹ̀rín tó ń mú èèyàn hùkọ́. Mo pariwo látita pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo tún pè, mo ní kí ẹnì kan wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi kí n kàn mu omi. Daddy ní kí n ṣe sùúrù, eré ti fẹ́ parí.

Ó ti tó nǹkan bí aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbọ́ ohùn obìnrin kan, tó ń kí àwọn òǹwòran káàbọ̀ sí ètò ẹ̀kọ́ àgbà. Mo ń retí kí Daddy pè mí. Mo gbọ́ tíṣà tó ń ṣàlàyé. Mi ò gbọ́ ìpè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Mummy.

"Ó yẹ kí á máa fọ ọwọ́ wa kí á tó jẹun."

Bí wọ́n ṣe kà á nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń sinmi lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tẹ òkúta sọdá omi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀. Mo ní "Daddy!" Kò sẹ́ni tó jáde. Obìnrin náà béèrè ìdí tí Mummy fi wá kàwé. Mummy ní, "Ọmọ mi obìnrin..."

Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ọ̀pá náà sílẹ̀. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé, mo fẹsẹ̀ gbá garawa ẹnì kan dà nù, mo já wọ pálọ̀. Gààrí funfun nìkan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń hó ṣìì. Gbogbo wọn ló kọjú sí mi, gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Daddy tì mí padà síta. Mo sáré padà, mo dì í mú, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ń kígbe pé rárá, rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwòrán máa fi padà wá, orin ìparí ni mo gbọ́.

Nígbà tí mo wọlé, kò sẹ́ni tó wò mí. Ìyá àgbà gbé àpótí rẹ̀, ó kí Mummy pé ó kú oríire, ó lọ. Daddy bi mí bóyá orí mi pé.

Mi ò tíì gbó Daddy lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n mo gbó wọn lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Ẹ ní ẹ máa pè mí. Ẹ ṣèlérí. Ṣé ìyá ẹlòmíràn ni Mummy ni?"

Daddy wo fèrèsé. Wọ́n ti gbàgbé mi ni, ó hàn lójú wọn. Mummy tú gèlè orí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife nílẹ̀. Wọn ò bá èmi wí, wọn ò bá Daddy wí. Ó sàn fún mi ká ní wọ́n gbá mi létí.

Ọjọ́ kẹta, bí a ṣe ń ṣa àlùbọ́sà tó ti jẹrà kúrò láàárín èyí tó dáa, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ nípa mi.

"Mo ní ìwọ lo máa ń bá mi ka gbogbo nǹkan. Bóo bá wọ yunifásítì, ta ni yóò máa kà á fún mi?" Wọ́n ju àlùbọ́sà kan sẹ́yìn. "Àmọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kọ́ nìyí. Ti ọjọ́ yẹn dáa ju báyìí lọ. Mi ò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹni tó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni ìyá mi ń múra sílẹ̀ láti dágbére fún.

Mo pinnu pé a máa lọ gba kásẹ́ẹ̀tì ètò náà níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mummy ní àwọn fúnra àwọn ló máa kọ lẹ́tà. Ó gbà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ láyé wọn ni, ojú ewé kan, lédè Yorùbá, wọ́n kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀ wọ́n. Èmi àti Daddy la gbé e lọ, nínú ọkọ̀ méjì. Ọmọbìnrin tó jókòó sí iwájú ọ́fíìsì tú u, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó dá a padà fún wa. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń gbà, kí a lọ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Daddy ní ètò Yorùbá ni wọ́n fi ìyá ọmọ yìí ṣe. Ó ní òun ò lè ṣe nǹkan kan sí i, Sà.

A sọ fún Mummy nígbà tí a délé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣẹ́ ẹ po.

"Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n kà," wọ́n ní, "kíláàsì wa ṣì ń gba àgbàlagbà."

Daddy rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo ti mọ lẹ́tà náà sórí, mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, mo gbé e fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Kétu, mo sì dá nìkan padà lọ. Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà lọ, ó ní ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ò wá síbi iṣẹ́. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkùnrin kan jáde sí mi, ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba nǹkan mìíràn sórí kásẹ́ẹ̀tì náà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún mi pé búrẹ́dì ti tán.