Nǹkan Tí Bàbá Mi Tẹ̀

Òórùn òróró máṣíìnì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ti yà sí àdúgbò wa ní Ìlódè, òun àti òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Télọ̀ ni bàbá mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi tọ́ wa dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, mo ti ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, mo sì háyà yàrá kan ní Mayfair, àdúgbò mìíràn nínú ìlú kan náà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wálé wá fọ aṣọ bàbá mi, kí n sì fi fasilíìnì pa gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti sán.

Bàbá mi kì í wọ bàtà nídìí máṣíìnì. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun gbọ́ ohun tí irin ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀hún ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nígbà yẹn. Wọ́n ti sọ fún un lọ́sibítù pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Tó bá ní ẹsẹ̀ òun kú, a ó ní ìjókòó ló pọ̀ jù.

Sátidé kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lórí irin tó máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Mo tẹ nǹkan," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kò dùn mí."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára. Ohun tí kò bá dunni, kí la fẹ́ máa da ara wa láàmú sí? Mo nu irin náà, mo fi fasilíìnì pa gìgísẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí n wo abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Àbúrò bàbá mi tó ń dáko ní Ẹdúnàbọ̀n wá kí wa lọ́jọ́ náà, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, bàbá mi sì tún un sọ: "Mo tẹ nǹkan." Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí nílé wa. Bí ọmọdé bá sọ ọ́, ẹ̀gún là ń wá. Bí àgbàlagbà tó lóníbàárà bá sọ ọ́, tí ẹsẹ̀ ń wú tí kò sì dùn ún, kò sẹ́ni tó ń wá ẹ̀gún mọ́. Àbúrò bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti tẹ̀ ẹ́?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù níbí."

"Ta ló wọbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló wọbẹ̀. Ó wá yá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ. Ọkùnrin yìí ti ra máṣíìnì oníná, síbẹ̀ bàbá mi làwọn ilé ìwé ń gbé yunifọ́ọ̀mù fún. Àbúrò bàbá mi mi orí. Ó jáde lọ, ó gbé oògùn dúdú kan tí wọ́n lọ̀ kúnná dé, ó fi ra ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ wé e, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u títí di ọjọ́ keje.

Mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti àbúrò bàbá mi sì dúró tì í. Lọ́jọ́ Túsìdeè, òórùn kan ti ń jáde látinú aṣọ yẹn, èyí tí mi ò lè fi ẹnu pè. Ilé dákẹ́. Àwọn oníbàárà ń gba aṣọ wọn láti ojú fèrèsé. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tún un sọ pé kò dun òun, ẹ̀rín yẹn gan-an ló sì ń já mi láyà.

Ọjọ́rú ni télọ̀ òdìkejì kan ilẹ̀kùn. Ó ti ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ bàbá rẹ wú. Ṣé ẹ ti wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀," àbúrò bàbá mi sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi.

Èmi tí mo kàwé, èmi tí mò ń bá àwọn olùkọ́ yunifásítì tẹ ìwé, mo dí ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ń sùn, sà," ni mo wí. A jọ ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń húkọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní ó dáa, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì sọdá títì padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ara bàbá mi gbóná, ó ń bá ìyá mi tó ti kú sọ̀rọ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bẹ aládùúgbò kan tó ní mọ́tò, a gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà, ó fọ oògùn dúdú náà kúrò, ó sì ṣe ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò ṣe: ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ihò kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ohun tó fa yọ kò ju ìdajì abẹ́rẹ́ máṣíìnì lọ.

"Iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe?" ó bi mí. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi ń tẹ máṣíìnì. Dókítà ní ká ní a tètè gbé e wá ni, bóyá ẹsẹ̀ náà ì bá má lọ.

Nígbà tí a padà sílé, mo sọdá lọ kúnlẹ̀ fún télọ̀ yẹn. Ó pa máṣíìnì rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín," ó ní. "Èmi náà ti tẹ̀ ẹ́ rí. Dìde." Ó sì tan máṣíìnì rẹ̀ padà.

Lónìí, àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ ni mo máa ń kí kí n tó kí èèyàn. Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Mò ń gbọn bàtà wọn wò, mò ń wo àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹni tó bá sì sọ pé kò dun òun ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn. Bàbá mi lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé, ó sì fi gbogbo rẹ̀ yan ọkùnrin òdìkejì yẹn lódì. "Gbogbo Ìlódè ló wá wò mí," á máa wí, "àfi òun." Ọkùnrin náà gbọ́, kò tú àṣírí mi. Èmi náà sì ń gbọ́, mò ń bu oúnjẹ fún bàbá mi, mi ò sọ ọ́ rí pé ó wá.