Àtàǹpàkò Tí Mo Fi Àkísà Dì

Mo gba télọ̀ kan gbọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ayé ìjọba alágbádá ni, kí sọ́jà tó tún gbà á. Aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wa kú, ìjọba ní ká tún ìbò dì láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. A dìbò, wọ́n fi tàdáwà kùn wá ní àtàǹpàkò kí ẹnikẹ́ni má baà dì í lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ ojúde wa wá ní tàdáwà ẹni tó bá dìbò fún ẹgbẹ́ kejì máa ń pọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo gbé àtàǹpàkò sójú oòrùn, mo sì rí i pé ó ń pọ́n lóòótọ́.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Bàbá ìyàwó mi ni aṣáájú ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè ládùúgbò wa. Wọ́n ti kìlọ̀ ṣáájú pé àna àwọn tó bá dìbò fún ẹgbẹ́ kejì, kó dá ọmọ àwọn padà. Ẹgbẹ́ kejì yẹn ni mo sì tẹ̀ka fún, torí ọ̀nà Olúpọ̀nnà tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe ti ba kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ tán. Mo rò pé ìbò tèmi nìkan ò lè gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Àfi bí rédíò ṣe kéde pé ẹgbẹ́ kejì ló wọlé.

Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn ha àtàǹpàkò títí awọ fi fẹ́ bó, tàdáwà ò kúrò. Mo bá fi àkísà dì í, mo sọ fún ìyàwó mi pé àdá ló ṣá mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá ránṣẹ́ pe èmi àti ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pé ká wá bá àwọn jẹun, kí ìbànújẹ́ má baà pa àwọn. Iyán ni, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹ ẹ́. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ kan, kí ẹ bu iyán láìlo àtàǹpàkò. Òkèlè mi àkọ́kọ́ já sínú ọbẹ̀, epo ta sí bàbá láyà. Nígbà tó di ìkejì, n ò mọ̀gbà tí mo na ọwọ́ òsì. Ká ní mo bú wọn ni, ì bá sàn.

Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe mí lọ́wọ́. Mo ní àdá ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí àánú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, ní ká wò ó bóyá ó ti ń kẹ̀. Ó fa àkísà já. Kò sí egbò níbẹ̀.

Bàbá gbé àtàǹpàkò tiwọn sókè. Ó dúdú bíi tèmi gẹ́lẹ́.

"Àwa ò di tiwa. Ta lo dìbò fún?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbàgbé pé ọbẹ̀ wà níwájú mi. Inú ẹ̀gúsí ni mo ti jẹ́wọ́. Bàbá ní kí wọ́n lọ sọ fún ọmọ àwọn pé kó di ẹrù rẹ̀ máa bọ̀ wálé.

Ìyá ìyàwó mi ló ń gbé omi ìfọwọ́ bọ̀. Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n na àtàǹpàkò tiwọn náà sí ọkọ wọn.

"Baálé mi, ẹgbẹ́ kejì lèmi náà tẹ̀ka fún. Tí ọmọ yẹn bá ń di ẹrù, ẹ ní kó di tèmi mọ́ ọn, kí ẹ sì tètè wá ẹni tí yóò máa gúnyán fún yín."