Ikú Ló Burú, Òkú Kò Burú

Orí ògiri ni ọkọ mi wà lọ́jọ́ tí ayé wa bàjẹ́. Mọlémọlé ni Etiẹ́ni, ọmọ ìlú Soclogbo ní Dàhòmẹ̀. Ìlú Tré, nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n bí èmi sí. A ti kúrò ní òkè Dáṣà láti ọdún mẹ́ta, a wá iṣẹ́ lọ sí ìlú kan létí odò ní Nàìjíríà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, a ní kò kàn wá. Àlejò ni wá. Ta ló ń bá àlejò jà?

Iṣu ni mò ń bó nígbà tí ìbọn dún. Kí n tó dìde, àwọn sójà ti kún àdúgbò. Wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin jáde síwájú ọjà. Etiẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ tòun ti sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Sójà kan bá a sọ̀rọ̀, èdè ilé wa ló bọ́ sí Etiẹ́ni lẹ́nu láti fi dáhùn.

“Èdè wo lò ń sọ yẹn?”

“Ará Dàhòmẹ̀ ni mí, ọ̀gá. Ilé ni mò ń kọ́.”

“Irọ́ ni. Amí ni ọ́.”

Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti ọkùnrin mẹ́fà mìíràn ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mi ò ní sọ bí ìbọn náà ṣe dún.

Ọ̀gá wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin wọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, á sùn tì wọ́n. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà nínú oòrùn. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń sọ àwọn ajá náà lókò. Nígbà tí òkúta tán, mo fọ́ ìkòkò ọbẹ̀, mo ń ju àfọ́kù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pọn omi sí garawa, mo mú ọṣẹ àti ìró ìgbéyàwó mi, mo jáde lọ́sàn-án gangan. Sójà kan na ìbọn sí mi.

“Obìnrin, padà!”

“Ọkọ mi ni mo fẹ́ wẹ̀. Bí o bá fẹ́ yìnbọn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ ojú rẹ̀.”

Ó fi ìdí ìbọn gbá mi léjìká. Mo ṣubú, omi dànù dé ìdajì. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ ti Etiẹ́ni, mo ń fọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kan tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn méje náà gbé omi tirẹ̀ jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wọn wò wá títí, ó wọlé lọ. Bóyá ojú tì í, mi ò mọ̀.

Kòtò tí a gbẹ́ kò jìn. Kí a tó bò ó, mo gé irun àti èékánná Etiẹ́ni, mo ya etí ìró náà, mo fi dì wọ́n kí n lè gbé wọn lọ sílé.

Ẹ̀gẹ́ tútù àti ewé ni mo jẹ lójú ọ̀nà nígbà tí mo ń sá padà sílé. Ìyá àgbà yẹn bá mi rìn títí ó fi jókòó sábẹ́ igi kan, tó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo dé Soclogbo, ẹbí péjọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ẹni tí ìbọn pa kì í wọlé, inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ikú ló burú, òkú kò burú. Kí ló ṣe? Ògiri ló ń mọ.”

“Bí a ṣe bá a nìyẹn, ìyàwó. Má bá mi jiyàn.”

Mo mú ọkọ́, mo gbẹ́ ilẹ̀ yàrá tí Etiẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, mo sin ohun tí mo mú bọ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló bá mi tẹ ilẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò mọ ogun, ẹ máa ń béèrè ìdí tí agbo ilé yìí fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Bí òjò kò bá rọ̀, wọ́n á ní èmi ni. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, èmi ni. Ogun parí lọ́hùn-ún, àwọn tó yìnbọn padà sílé wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Èmi ni wọ́n ń bi.