Ohùn Ìyàwó Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Tẹ́tẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni. Èmi àti ìyàwó mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sílé, òun náà sì fẹ́ràn kó máa kí àwọn ènìyàn lọ́nà. A dé ibi tí wọ́n ṣí ilé tẹ́tẹ́ tuntun kan sí, tí wọ́n gbé sípíkà ńlá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Sípíkà náà ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ má kàn máa kọjá lọ. Ẹ wọlé, ẹ wá ta tẹ́tẹ́ tòní. Ìyá yín ló ń pè yín."

Ìyàwó mi dúró. Mo wò ó lójú. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló ń jáde nínú sípíkà yẹn. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o, òun gan-an ni. Bó ṣe máa ń fa "ẹ̀yin ọmọ mi" gùn díẹ̀, bó ṣe máa ń sinmi kó tó sọ ohun tó kàn, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ta ló fẹ́ fi òmíràn tàn mí jẹ?

Ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan tí mò ń gbọ́?"

Mo ní mò ń gbọ́ ọ.

Ó ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síbẹ̀ dá a mọ̀. Ó pariwo, "Ìyá ìjọ! Ẹ̀yin náà ti dara pọ̀ mọ́ wa? Ẹ wọlé, mà, ẹ wá fún wa ní nọ́ńbà!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin fa ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, a gbọ́ yín lójú ọ̀nà o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa ka ìkéde tòní." Ìkéde tó ti ń kà láti ìgbà tí wọn ò tíì kọ́ ilé ìsìn yẹn parí! Obìnrin tó máa ń lé àwọn ọmọ kíláàsì Bíbélì rẹ̀ kúrò níwájú ilé tẹ́tẹ́, tó sì máa ń mú wọn létí délé. Ó jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́ yẹn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, kò kọrin.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ohùn náà ṣe kúrò nílé mi.

Àbígbẹ̀yìn wa, obìnrin, ló dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ dàgbà ládùúgbò. Apá Delta ni àwọn òbí ọmọkùnrin náà ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pijin kì í pẹ́ yọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Yàrá iwájú ilé mi ni ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ṣe áàpù kan fún àwọn awakọ̀ tírélà tó ń tò sójú ọ̀nà pọ́ọ̀tù Tin Can. Awakọ̀ tírélà lè tò síbẹ̀, kó sùn sábẹ́ ọkọ̀, kó fọ aṣọ rẹ̀ sá sára kọ̀nténà, kó tó kàn án láti wọ pọ́ọ̀tù. Áàpù yìí ló máa ń sọ fún un pé ìlà ti sún, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn, tàbí pé ó ti kàn án.

Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ jáde, torí pé ẹni tó ń wa tírélà kò lè máa tẹjú mọ́ fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ lo ohùn ọmọ mi. Àwọn awakọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ báǹkì tó fẹ́ fi tipátipá ṣí àkáǹtì fún wọn. Ni ọmọkùnrin yẹn bá ní, "Ẹ jẹ́ ká lo Mama. If Mama talk, ọmọ ìta gan-an á pa sìgá ẹ̀."

Bí ìyàwó mi ṣe jókòó sí pálọ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà ti ṣí. Ẹ má sáré, wọ́n ń retí yín nílé." Òun fúnra rẹ̀ ló fi "wọ́n ń retí yín nílé" kún un. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù. Ọ̀kan nínú wọn, ará Kano, gbé àpò àlùbọ́sà wá sílé wa, ó ní òun kàn fẹ́ fojú rí ìyá tó ń sọ fún òun pé kí òun má sáré.

Nígbà yẹn, lọ́yà kan wà ní ìjọ wa, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Apapa. Ó dúró de ọmọ mi lẹ́yìn ìsìn. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ẹ wá bá mi jókòó nísinsìnyí tí kò tíì sí ìjà kankan. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́, ẹni tó ni ohùn, àti ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dàgbà ná. Tá a bá di ńlá, ẹ̀yin la máa gbà."

Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún fọwọ́ di orí mú. "Lawyer kẹ̀? Who dey Kirikiri?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri yẹn ti wá. Ládùúgbò wa, lọ́yà ni ẹni tí wọ́n ń sáré wá nígbà tí wọ́n bá ti mú ọmọ ẹni. Tí aṣọ dúdú yẹn bá wọ ilé yín, àwọn aládùúgbò á máa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á máa béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀. Ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún tó bá ń wá lọ́yà, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe wàhálà. Irọ́ ńlá nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn ọmọ tó lè kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè gbà á gbọ́. Ọmọ tuntun là ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ta ló ń dúró kí ọmọ hu irùngbọ̀n kó tó gbé e lọ?

Èmi náà sọ tèmi. Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọn jáde ní pọ́ọ̀tù. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi pé, "Ohùn ìyá rẹ tí ẹ gbà yìí, ìwé rẹ̀ dà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Dádì! Ìyá tó bí mi ni kí n gbé ìwé síwájú ẹ̀ pé kó buwọ́ lù ú? Kí ni mò ń bẹ̀rù lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ gbè é lẹ́yìn. "Bàbá wọn, ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù yín sílẹ̀ ní Tin Can." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó dáa náà. Páálí ṣíbí kan kò lè jáde ní pọ́ọ̀tù láìsí ìwé, láìjẹ́ pé wọ́n bi ọ́ léèrè ẹni tó ni ín, ibi tó ti wá, àti ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn jáde nílé mi lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ẹni tó dá a dúró.

Ibi tó lọ nìyí. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní Erékùṣù Èkó tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn. Wọ́n kàn sí àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n kó ohùn Màmá wá, ẹ̀rọ àwọn á kọ́ ọ, ohunkóhun tí wọ́n bá sì tẹ̀ sínú rẹ̀, ohùn Màmá á sọ ọ́, kò ní sí pé à ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé mọ́. Inú wọn dùn. Ìwé àdéhùn náà wà lórí fóònù, ó gùn. Wọ́n fi ìka fà á títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n tẹ "Mo gbà." Ó parí. Ilé iṣẹ́ yẹn gbé ohùn ìyàwó mi fún onítẹ́tẹ́.

Ọjọ́ kejì Ìsinmi yẹn la wà níwájú lọ́yà ní Apapa, èmi, ìyàwó mi, àti àwọn ọmọ méjèèjì. Ó ka àdéhùn náà láti òkè délẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ó wà níbí. Ẹ gbà fún wọn kí wọ́n lò ó fún iṣẹ́ yòówù, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá wù wọ́n."

Mo dìde. Mo ní àwọn tó jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù lọ́hùn-ún, ṣé wọn ò ní ìyá ni? Wọ́n gbọ́ ohùn àgbàlagbà tó ń sọ fún ènìyàn pé kó má kú sójú ọ̀nà, wọ́n wá fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ wọ ilé tẹ́tẹ́!

Lọ́yà ní, "Ẹ jókòó, sà. Ẹ jàre láti bínú." Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Mọ́mì, ṣé ẹ buwọ́ lu ìwé kankan fún àwọn ọmọ yìí?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ fẹnu sọ fún wọn pé wọ́n lè fún ẹlòmíràn?"

"Àwọn awakọ̀ tírélà ni mo bá sọ̀rọ̀," ni ìyàwó mi wí.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fún ní ohùn yín. Mo lè kọ̀wé sí wọn lónìí kí wọ́n pa ohùn náà rẹ́."

Inú mi fẹ́ máa dùn, ṣùgbọ́n lọ́yà kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó wo àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà tí ẹ tẹ 'Mo gbà', ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ni ohùn náà. Tí Mọ́mì bá ní òun ló ni ín, irọ́ lẹ pa nìyẹn. Wọ́n lè já àdéhùn lónìí, kí áàpù yín yadi. Wọ́n tún lè pè yín lẹ́jọ́."

Ọmọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣé ká kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n ni, mà?"

Lọ́yà ní, "Kí lẹ fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n? Ká ní ẹ wá nígbà tí mo pè yín ni, gbólóhùn kan tí Mọ́mì sọ lẹ́ẹ̀kan yìí là bá kọ. Fún awakọ̀ tírélà nìkan. Ẹ kì bá tí máa sunkún nísinsìnyí."

Lóòótọ́, ọmọ mi ti ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wí, ohun tẹ́ ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní ká dákẹ́..."

Mo wo ìyàwó mi. Orúkọ rẹ̀ nìyí lápá kan, iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ nìyí lápá kejì, àwọn ọlọ́jà ohùn yẹn ló sì fi í sáàárín wọn. Ó nu ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kan lè wọ ibẹ̀ lónìí nítorí pé èmi ni mo pè é." Ó yíjú sí lọ́yà. "Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, sípíkà ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ ti dákẹ́. Áàpù ọmọ mi náà dákẹ́. Ilé iṣẹ́ Erékùṣù ti í pa, wọ́n sì fi lẹ́tà ìhalẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́yà fèsì, wọ́n tún kọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn awakọ̀ ń pe fóònù, wọ́n ń béèrè bóyá ìyá náà ṣàìsàn. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin wá sílé wa, ó bẹ ìyàwó mi, ìyẹn sì padà sídìí ìkéde rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà ní àwọn á tún bẹ̀rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Bùláńkẹ́ẹ̀tì padà sójú fèrèsé. Ọmọ mi gbé fóònù síwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tẹ́wọ́ sí i, ó ní:

"Ìwé dà?"

Lọ́yà ti bá wọn kọ ọ́. Ìyàwó mi wọ awò ojú rẹ̀, ó dìde dúró láàárín pálọ̀, ó kà á sókè bí ẹni ń ka ìkéde, gbogbo rẹ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró. "'Fún awakọ̀ tírélà, àti iṣẹ́ mìíràn tó bá jọ ọ́.' Kí ló jọ ọ́?"

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, bóyá àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì..."

"Kọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì síbẹ̀ nígbà náà. 'Tó bá jọ ọ́' yìí, tẹ́tẹ́ lè jọ ọ́ lójú ẹlòmíràn. Pa á rẹ́."

Wọ́n pa á rẹ́. Ó buwọ́ lù ú, ọmọ náà buwọ́ lù ú, ojú ń tì í, ọmọkùnrin yẹn náà buwọ́ lù ú. Ìyàwó mi ní, "Ìyá rẹ ṣì ni mí. Lọ bù mí lómi." Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà ti ṣí."

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá la tún gba iwájú ilé tẹ́tẹ́ yẹn. Sípíkà ti ń sọ̀rọ̀ padà. Ohùn obìnrin mìíràn ni, àgbàlagbà, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkìtì. Òun náà ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ ká kọjá. Ìyàwó mi kò kọjá. Ó lọ bá ọ̀dọ́ tó pariwo pè é lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá ta nìyẹn?"

"Mama, computer ni, mà. Kì í ṣe ènìyàn."

"Computer ò ní ọ̀fun," ni ìyàwó mi wí. "Mo ní ìyá ta ni?"

Ọ̀dọ́ náà yíjú wo sípíkà, ó padà wo ìyàwó mi. Obìnrin inú sípíkà ń kí wa káàárọ̀.